Idà tí Ajẹ́lẹ̀ Dá Padà

Àlàní Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà Mọjò. Ọmọ ìjàkadì. Ọmọ a-dá-ni-má-fẹsẹ̀-tẹ-ni. Àlàní, ọ̀gá nídìí títo páìpù ní Deer Park fún ọgbọ̀n ọdún, alfa tí kò kọ hàǹtú tà fún ẹnikẹ́ni rí, baba ọmọ mẹ́ta, ọkọ Àṣàkẹ́. Sùn re, ọmọ Ọlọ́fà. Kí Ọlọ́hun tẹ́ ọ sí afẹ́fẹ́ ire.

Èmi ni Àṣàkẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. N kì í gbàgbé orúkọ. Gbogbo ẹni tó ti bá wa jẹun ní Houston yìí láti ọjọ́ tí a ti dé, mo lè ka orúkọ wọn bí ẹni ń ka tẹ̀súbà. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ̀kankan síbí. Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní orúkọ alààyè lórí ìwé a máa dá wàhálà sílẹ̀. Èmi náà sì rò ó pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀ràn tèmi ni, kí n má fi orúkọ ẹlòmíràn há a.

Àlàní fẹ́ kí ọkùnrin kan wẹ òkú wọn nígbà tí ọjọ́ bá pé. Ọkùnrin náà ti ṣèlérí. Èmi ni mo lé e.

Ní yàrá ìwẹ̀kú ní mọ́sáláṣí ni wọ́n ti mọ ara wọn. Lẹ́yìn tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì ni wọ́n lọ fi orúkọ sílẹ̀ láti máa wẹ òkú, nítorí àwọn èwe ò fẹ́ ṣe é, àwọn kan ò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe é ni ọkùnrin yìí. Ilé mẹ́rin péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwa, àwa ò sì mọ̀ ọ́n rí títí òkú fi mú àwọn méjèèjì pàdé. Ọjọ́ tí wọ́n wẹ ará Ṣẹ́pẹ̀tẹ́rí kan tí kò ní ẹbí kankan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe àdéhùn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ nínú àwọn méjì, èkejì ni yóò wẹ̀ ẹ́.

Lárúbáwá ni. Ìlú kékeré kan létí òkun ló ti wá, níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó wẹ̀ lọ sísàlẹ̀ omi láti wá péálì. Iṣẹ́ epo ló gbé e dé Houston. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó lọ sí Dallas. Bàbá ńlá rẹ̀ ló jẹ ọba ìlú wọn nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọkọ̀ ogun ṣọ́ etíkun yẹn. Nítorí náà ni mo ṣe ń pè é ní Ọmọba, lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe àpọ́nlé.

Àárọ̀ Sátidé ló máa ń wá sílé wa, tòun ti àpótí irin kan. Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà lọ́rùn rẹ̀, lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà ló wà nínú rẹ̀: èyí tí àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì kọ sí bàbá ńlá rẹ̀, àti àdàkọ èyí tí bàbá ńlá rẹ̀ fi dá wọn lóhùn ní èdè Lárúbáwá. Tí Lárúbáwá, ó lè kà á. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí omi, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn òyìnbó àtijọ́ yẹn, ó ní ńṣe ló dà bíi pé èèrà já sínú yíǹkì tó wá rìn kọjá lórí ìwé. Ọkọ mi ló lè kà á. Akọ̀wé kóòtù ni bàbá wọn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jókòó nígbà èwe, tí wọ́n ń da ìwé ẹjọ́ kọ ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi ló sọ àwọn aṣojú yẹn ní ajẹ́lẹ̀. Àwa ará Ọ̀fà mọ ajẹ́lẹ̀. Ìlọrin ti fi ajẹ́lẹ̀ jẹ lé wa lórí rí, kí òyìnbó tó gbé tirẹ̀ dé. Ajẹ́lẹ̀ a máa bá ọba jẹun, a sì máa ránṣẹ́ sílé láti sọ ohun tí ọba jẹ.

Èmi ò fọkàn tán ọkùnrin náà. Bí mo bá gbé tíì fún wọn, kì í mu tirẹ̀ àfi bí ọkọ mi bá ti mu. Àga tó kọjú sí ilẹ̀kùn nìkan ló máa ń jókòó sí. Kó tó ti àpótí rẹ̀, á ka iye àwọn lẹ́tà náà, á máa mi ètè. Bí mo bá wọlé lójijì, á da ọwọ́ bo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, á rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni mi ò fẹ́.

Mo bi ọkọ mi. Mo ní, "Bàbá wọn, kí ni ọkùnrin yìí ń wá?"

Wọ́n ní, "Ó ń wá ẹni tó da bàbá ńlá rẹ̀."

Ìtàn náà nìyí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Ọba náà àti àwọn ajẹ́lẹ̀ ń bá ara wọn ṣe dáadáa. Nígbà tó yá, ọba ò pàdé ajẹ́lẹ̀ létí òkun mọ́. Ọkọ̀ ogun wá yìnbọn lu ilé ọba, wọ́n lé e kúrò nílùú, wọ́n sì fi àbúrò rẹ̀ jọba. Láti ìgbà náà, gbogbo ìdílé ọba àkọ́kọ́ gbà pé àbúrò yẹn ló lọ bá ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ọmọ àbúrò náà wà níbí, ní La Porte. Inú mọ́sáláṣí kan náà ni wọ́n ti ń kírun lọ́jọ́ ọdún, wọn kì í kí ara wọn. Ọmọba ń wá ẹ̀rí nínú lẹ́tà tí yóò fi lù wọ́n lójú.

Mo ní, "Ẹni tó ń wá ẹ̀tọ́ ọba, ẹlẹ́rìí ló ń wá. Ẹlẹ́rìí a sì máa fọwọ́ síwèé. Ẹ má fọwọ́ sí nǹkankan o."

Àlàní rẹ́rìn-ín. "Àṣàkẹ́, ilé ìwé ajẹ́lẹ̀ wo lo lọ?"

Lọ́dún Iléyá kan, Ọmọba gbé ìkòkò kọfí onídẹ kan wá fún mi, ẹnu rẹ̀ gùn bí àgógó ẹyẹ. Ó ní ìyàwó òun ló fi ń sè kọfí fún àlejò. "Àlájà," ó ní, "òun ni ìbá fún ọ fúnra rẹ̀." Mo dúpẹ́. Nígbà tó lọ tán, mo yí ìdí ìkòkò náà wò bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Kò sí nǹkankan. Mo gbé e sórí pẹpẹ.

Mi ò ní purọ́, àwọn lẹ́tà náà dùn ún gbọ́. Láti kíṣìnnì ni mo ti ń fetí sí wọn. Ọkọ mi á ka ti òyìnbó sókè, Ọmọba á ka ti Lárúbáwá, ọkọ mi á wá túmọ̀ èyí tó bá wù wọ́n fún mi ní Yorùbá nígbà tí a bá ń jẹun ọ̀sán. Ajẹ́lẹ̀ á kọ̀wé pé, "Ọ̀rẹ́ mi tòótọ́," á wá béèrè pé ọkọ̀ orílẹ̀-èdè wo ló wá pọn omi nínú kànga ọba lóṣù tó kọjá. Ọba á kí i ní ìlà mẹ́wàá, á béèrè àlàáfíà rẹ̀ àti ti ọbabìnrin rẹ̀, á wá ní òùngbẹ ló ń gbẹ àwọn tó wá. Ajẹ́lẹ̀ á ní, èèyàn mélòó ni wọ́n? Ọba á ní, "Ẹni tó sọ fún ọ pé wọ́n wá ti gbọ́dọ̀ kà wọ́n." Ọjọ́ tí ọkọ mi tún èyí sọ sókè ní Gẹ̀ẹ́sì, mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n dá ìwé kíkà dúró. Mo mọ̀ pé Ọmọba ń wo ilẹ̀kùn kíṣìnnì.

Ṣáájú Ààwẹ̀ ni wọ́n ka ọ̀rọ̀ idà àkọ́kọ́. Ajẹ́lẹ̀ tí ọba fẹ́ràn jù ń padà sílé, ọba sì yọ idà tí bàbá rẹ̀ fi jagun fún un. Ó ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú lẹ́tà bí ẹni ń fi ọmọ sílé ọkọ: fàdákà ló wà ní èèkù rẹ̀, wọ́n ya ìràwọ̀ kan sí i lára, ẹnu rẹ̀ sì ṣẹ́ kékeré ní ìwọ̀n ìka méjì sí orí, níbi tó ti kan irin ọ̀tá. Ó ní kí ó má ṣe jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́ rí.

Lẹ́yìn Ààwẹ̀ ni wọ́n dé orí lẹ́tà ajẹ́lẹ̀ mìíràn. Àwọn méjì ti jẹ, wọ́n ti lọ láàárín. Èyí tuntun yìí kọ orúkọ ẹ̀bùn tó kó wá fún ọba: aṣọ pupa ìgàn méjì, awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, aago kan tí ń dún, àti "idà àtijọ́ kan tó dára, èèkù rẹ̀ jẹ́ fàdákà, ìràwọ̀ wà lára rẹ̀, ó ṣẹ́ díẹ̀ ní orí." Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, ìbínú ni: kí ló dé tí o ò wá pàdé mi létí òkun?

Síbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo jáde. Mo ní, "Idà kan náà ni."

Àwọn méjèèjì wò mí.

"Idà tí ọba fún ajẹ́lẹ̀ ìṣáájú ni wọ́n gbé padà fún un yẹn."

Ọkọ mi ní, "Àṣàkẹ́, jẹ́ ká rí," wọ́n ń tú ìwé. Nígbà tí wọ́n rí ti àkọ́kọ́, wọ́n yọ awò ojú wọn. "Ọlọ́hun ńlá. Òótọ́ ni."

Ọmọba ló ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ó ní òfin àwọn òyìnbó yẹn kò gbà kí ajẹ́lẹ̀ mú ẹ̀bùn ọba lọ sílé ara rẹ̀. Ilé ìṣúra ìjọba ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Inú ilé ìṣúra náà sì ni ajẹ́lẹ̀ tó bá fẹ́ lọ kí ọba ti ń mú ohun tí yóò fún un. Kò sẹ́ni tó ń rántí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ọkọ mi ní, "Orí pẹpẹ ló ti kàn mú un. Kò mọ nǹkankan."

Mo ní, "Òun ò mọ̀. Ọba mọ̀. Ìyá ìyá mi kò mọ ìwé, àrokò ló fi ń bá àwọn ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀. Bí o bá dá ẹ̀bùn ọwọ́ mi padà sí mi lọ́wọ́, kò tún sí ọ̀rọ̀ mọ́. O ti ní kí kálukú máa ṣe tirẹ̀. Èmi náà ò ní wá pàdé rẹ létí òkun. Kò sí ẹni tó da bàbá ńlá yín. Àbúrò kò sọ nǹkankan. Idà ló sọ̀rọ̀."

Mo rò pé inú ọkùnrin náà yóò dùn. Ó da ọwọ́ bo lẹ́tà náà. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú rẹ̀ sókè sí mi, ẹ̀rín yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́.

"Àlájà, ta ló sọ fún ọ nípa idà àkọ́kọ́? Lárúbáwá ni mo fi kà á, oṣù méjì sẹ́yìn."

Ọkọ mi ní, "Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Nídìí oúnjẹ."

"Ìyẹn ni pé gbogbo ohun tó wà nínú àpótí mi ni ò ń sọ."

"Ìyàwó mi ni mo sọ fún, ọ̀rẹ́ mi."

"Òun náà wá sọ fún ta ni?" Ó dìde. "Ọdún mélòó ni ìdílé mi ti mọ ẹni tó dà wá. Ẹ̀yin wá rí idà kan, àwọn ará La Porte sì di mímọ́ lójú ẹsẹ̀. Ta ló rán yín?"

Àlàní Ọ̀kín tí kì í bínú, wọ́n dìde, wọ́n na ọwọ́ sí i. Ọmọba kó lẹ́tà rẹ̀ jọ. Ó ka iye wọn. Ó tún iye wọn kà lẹ́ẹ̀kejì lójú wa, bí ìgbà tí olè bá wà nínú ilé. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ.

Kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ni mi ò lè gbé mì. Ilé mi! Oúnjẹ mi tó ti jẹ! Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí ọkọ mi lọ rí dókítà, mo gbé ìkòkò kọfí kúrò lórí pẹpẹ, mo fọ̀ ọ́, mo nù ún títí ó fi ń dán, mo ní kí ọmọbìnrin mi gbé e lọ fún Ọmọba.

Nígbà tó dé, mo ní, "Kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkankan. Ó kàn gbà á. Mummy, kí lẹ ṣe fún ọkùnrin yẹn? Ojú ẹ̀ rí bákan."

"Ìkòkò rẹ̀ ni. Mo dá a padà."

"Ṣé ó ní kẹ́ ẹ dá a padà ni?"

Mo ní kó lọ wo ọmọ rẹ̀ ní daycare.

Mi ò sọ fún Àlàní. Wọ́n ń retí rẹ̀ ní Sátidé, kò wá. Wọ́n rí i ní Jímọ̀, ó kírun ní sàfù ẹ̀yìn, ó ti jáde kí wọ́n tó yíjú. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí mọ́sáláṣí mìíràn. Ọkọ mi pè é lórí fóònù, kò gbé e. Wọ́n á ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn náà ni? Ọkùnrin yẹn kì í ṣe ẹni tí í bínú pẹ́ báyìí. Nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ wà." Mo mọ nǹkan mìíràn tó wà. Mo ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́. Àlàní wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara wọn: bóyá àwọn ṣì í kà ni, bóyá àwọn sọ ohun kan tí kò yẹ ní èdè Lárúbáwá. Mo jẹ́ kí wọ́n máa fura.

Àìsàn ọkàn tí wọ́n ń lọ rí dókítà fún ló wá dá wọn dùbúlẹ̀. Ní ọsibítù, dókítà bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ti mọ ohun tó sọ kí wọ́n tó padà wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni Àlàní ní kí n sún mọ́ àwọn.

"Bá mi pe ọ̀rẹ́ mi. Òun ló máa wẹ̀ mí. A ti jọ sọ ọ́."

"Ọmọ yín ọkùnrin wà níbẹ̀."

"Ọmọ yẹn kò fọwọ́ kan òkú rí. Ẹ̀rù á bà á, á ṣe é ní kánkán. Bá mi pè é, Àṣàkẹ́. Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, sọ fún un pé mo bẹ̀ ẹ́."

Mo wo ọwọ́ wọn lórí aṣọ funfun. Mo ní, "Ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́. Mo dá ìkòkò kọfí ìyàwó rẹ̀ padà."

Wọ́n di ojú fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé oorun ló gbé wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò lágbára. "Ìwọ gan-an lo wá di ajẹ́lẹ̀."

Mo ní, "Ẹ má bínú."

Wọ́n ní, "Ajẹ́lẹ̀ ò mọ̀. Ìwọ mọ̀." Wọn ò tún sọ nǹkan mìíràn nípa rẹ̀ mọ́, ohun tí ó sì dùn mí jù lọ nìyẹn.

Ọmọbìnrin mi fi mọ́tò gbé mi lọ sílé Ọmọba. Lójú ọ̀nà, lórí freeway, mo ń ro ohun tí ọkùnrin náà yóò rò. Yóò rò pé ìṣòro ló lé mi wá. Yóò rò pé mo fẹ́ gba nǹkan. Èmi náà, bó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí ǹ bá rò nìyẹn.

Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì níwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó fò sẹ́yìn. Wọn kì í kúnlẹ̀ fún ènìyàn nílùú wọn, ohun kan ṣoṣo ló rò.

"Ó ti kú?"

"Kò tíì kú. Ó ń pè ọ́. Kò mọ̀ nípa ìkòkò nígbà tí mo dá a padà. Èmi ni mo ṣe é, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà tí mo ṣe é. Kò sẹ́ni tó rán wa. Mi ò mọ ará La Porte kankan."

"Dìde, Àlájà. Dìde." Ó ń wo ọmọbìnrin mi nínú mọ́tò, ó ń wo àdúgbò. Mi ò dìde. Mo ní ó ti ṣèlérí fún Àlàní.

Ó di ilẹ̀kùn mú. Ó wá ní, "Sọ fún un pé mo gbọ́." Ó tilẹ̀kùn.

Kí ni "mo gbọ́"? Mo sọ ọ́ fún Àlàní bó ṣe sọ ọ́, wọ́n ní, "Ó dára." Gbogbo ọjọ́ kejì, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn yàrá. Bí nọ́ọ̀sì bá wọlé, wọ́n á gbé orí. Ọjọ́ kẹta náà bẹ́ẹ̀. Ọmọba ò wá. Àlàní jáde láyé ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oòrùn ti yọ dáadáa, èmi àti ọmọbìnrin mi la wà níbẹ̀.

Wọ́n gbé wọn lọ sí mọ́sáláṣí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ wa ọkùnrin ń ka bí a ṣe ń wẹ òkú lójú fóònù rẹ̀. Mo rí Ọmọba kó tó rí mi. Ó ti ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Mi ò mọ ẹni tó fi ikú náà tó o létí; mi ò pè é. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ náà, ó mú un wọlé, wọ́n sì tilẹ̀kùn.

Ọmọ mi ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní ọkùnrin náà kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ omi, ó ní ó tutù, ó ní kí wọ́n lọ mú èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá. Ó kọ́ òun bí a ṣe ń gbé orí dání. Apá ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wẹ̀ wọ́n, kò kánjú. Mo ní, "Ṣé ó sọ nǹkan?" Ó ní ó ń bá bàbá sọ̀rọ̀ ní Lárúbáwá, òun ò gbọ́.

Nígbà tó jáde, mo dìde dúró. Omi wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Àlájà, ó ti mọ́," ó sì kọjá. Mo ti yí ọ̀rọ̀ yẹn sókè, mo ti yí i sísàlẹ̀, bóyá nǹkan wà nídìí rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó dárí jì mí. Mi ò bi í.

A sin Àlàní Ọ̀kín lọ́jọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àílà, ní itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí lọ́nà Rosenberg.